Kí n ra GPS alágbèékà fún ọkọ̀ mi, kí n fi Android player sí i, àbí kí fóònù máa ṣe é lọ?

Alákánópì_Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ kánópì, àga àti kúlà ni mò ń ṣe. Mọ́níyà ni ilé ẹrù wa wà, ṣùgbọ́n òde àríyá kò mọ sí Ìbàdàn: òní Ìsẹ́yìn, ọ̀la Ìkirè, ọ̀tunla Ìlá Ọ̀ràngún. Àwọn ọmọ tó ń gbé kánópì ró máa ń wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, èmi a ṣáájú nínú Sienna mi. Tí mo bá ṣìnà, gbogbo wa la ṣìnà nìyẹn, àwọn oníbàárà á sì máa pè lemọ́lemọ́.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni Sienna náà, ọdún 2006. Ó ní ojú máàpù tiẹ̀ láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àmì ọkọ̀ kékeré kan á yọ, á máa rìn lórí ilẹ̀ tí kò ní títì, kò ní odò, kò ní orúkọ ìlú kankan. Àwo DVD tó wà nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà nìkan ló mọ̀.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ní òun á fi GPS Garmin ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Ríwáyà mi ní kí n jẹ́ kí òun yọ rédíò inú rẹ̀, kí òun fi Android player sí i, ìyẹn rédíò olójú títẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù Android. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n má fowó ṣòfò, ṣé fóònù kò sí lọ́wọ́ mi ni? Fóònù wà, àmọ́ ó máa ń gbóná, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. Tí oníbàárà bá pè, ìpè náà á bo máàpù mọ́lẹ̀. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá wá lọ lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ ni kó máa sọ̀rọ̀ sókè, kó má gbára lé nẹ́tíwọ̀kì, kó má sì gba owó tí mo fẹ́ fi ra àga. Ẹ ṣeun.

Ríwáyà_Ládípọ̀

Àǹtí, ẹ kú ìnáwó. Ríwáyà yín kò purọ́, Android player dáa. Ojú rẹ̀ tóbi, ohùn á jáde látinú sípíkà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ tún lè fi kámẹ́rà ẹ̀yìn kún un. Ti àwo DVD yẹn, ẹ má wá òmíràn kiri. Ẹni tó bá ní òun ní ti Nàìjíríà, ẹ ní kó fi sí i lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ la ojú. Èyí tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 1GB, ẹ má wulẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ti máa kọjá ìyànà kó tó sọ fún yín pé kí ẹ yà. 4GB ló dáa, ó kéré tán 2GB. Nọ́ńbà tó wà lára páálí sì lè má jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Eriali GPS ló tún kàn. Ó máa ń bá a wá nínú páálí: nǹkan dúdú kékeré onígun mẹ́rin, mágínẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wáyà gígùn sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan nínú àwa oníṣẹ́ máa ń ká gbogbo rẹ̀ rọ sẹ́yìn rédíò láàárín irin, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Ẹ má gbà. Abẹ́ gíláàsì iwájú ló yẹ kó wà, níbi tó ti lè rí ojú ọ̀run. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ wa ọkọ̀ jáde síta gbangba, ẹ ṣí máàpù, kí ẹ sì rí i pé àmì ọkọ̀ dúró sórí títì tí ẹ wà gan-an. Ẹ má ṣe àyẹ̀wò yẹn lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù, kò ní jọ ara wọn.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ojú símù. Hotspot fóònù yín ló máa lò.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Òde

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo wa Peugeot 504 láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Kánò, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń pàṣẹ fún mi nínú ọkọ̀. Gáréèjì tí ẹ bá dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ béèrè. Owó GPS yẹn, ẹ fi ra táyà.

Nọ́ọ̀sì_Èkìtì

Bàbá, ẹ kú àtijọ́ o. Òótọ́ lẹ sọ tó bá jẹ́ ọ̀sán. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ńkọ́, tó jẹ́ obìnrin nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ta ni kó bi ní oríta? Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lóru ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé òun kò mọ ibi tí òun wà. Èmi kì í ṣí gíláàsì mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Òde

Ọmọ mi, o wí ire. Mo gbà fún ọ lórí ti alẹ́. Ọ̀rọ̀ táyà ṣì dúró níbi tó wà o.

Onítírélà_Leeds

Ẹ kú alẹ́ láti Leeds.

GPS àdáni ni èmi fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó wà fún. Mo ní Garmin dēzl, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá. Kí n tó gbéra, mo ti tẹ gíga, fífẹ̀, gígùn àti ìwúwo ọkọ̀ sí i. Tírélà tí mo sábà ń fà ga tó mítà 4.95. Lóòótọ́ wọ́n ń kọ gíga afárá sára rẹ̀ níbí bí kò bá tó nǹkan bíi mítà 5, ṣùgbọ́n ká ní o ti wọ títì tóóró kan kí o tó rí àkọlé yẹn, tí ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn rẹ, ibo lo fẹ́ yí tírélà sí? Ní London, Rotherhithe Tunnel kò gba ọkọ̀ tó bá ga tàbí tó bá fẹ̀ ju mítà 2 lọ. Máàpù fóònù tí gbogbo ayé ń lò kì í béèrè bí ọkọ̀ rẹ ti ga tó. Ti ọkọ̀ ńlá ni pé owó tí o bá fi ra GPS tirẹ̀, kò ṣòfò.

Sienna kọ́ nìyẹn, Àǹtí. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó dá owó dúró ná. Èyí tí wọ́n ń tà ní Houston, máàpù Àríwá Amẹ́ríkà ló sábà máa ń bá a wá. Tó bá dé Mọ́níyà bẹ́ẹ̀, ojú òfìfo méjì lẹ ó ní nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ẹni tó bá ti ní Garmin nílẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ṣètò máàpù OpenStreetMap ti Nàìjíríà fún un, ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì rẹ̀ máa ń jẹ́ gmapsupp.img, inú fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Garmin lórí mẹ́mórì káàdì la ń fi í sí. Ó gba kọ̀ǹpútà, ó gba sùúrù, bí títì tuntun bá sì ti ń jáde, ẹ ó tún un ṣe. Ẹni tó ń kó kánópì kiri lópin ọ̀sẹ̀ kò ráyè ìyẹn.

Olùyàmáàpù_Ifẹ̀

Nǹkan méjì kan wà tí gbogbo wa ń dà pọ̀, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n.

Sátẹ́láìtì GPS kò mọ títì kankan. Ó wà lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kéde aago tó ń lù lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín á gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán, á fi ìyàtọ̀ àkókò ṣírò ibi tí ẹ wà. Ẹ̀rọ yín kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà, kò jẹ dátà, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni sátẹ́láìtì náà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dà á rú díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe sójà, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000 tí ààrẹ wọn ìgbà náà, Bill Clinton, ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà yẹn ni GPS ọkọ̀ ti wá wúlò dáadáa fún ará ìlú. Rọ́ṣíà ní tiwọn, GLONASS; Yúróòpù ní Galileo; Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ fóònù tó jáde láìpẹ́ ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Nítorí náà, nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Àǹtí dárúkọ, kò sí èyí tí kò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Sienna yẹn gan-an mọ̀ ọ́n, òun ló jẹ́ kí àmì ọkọ̀ máa rìn. Máàpù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àmì náà ni kò sí. Máàpù lẹ fẹ́ rà, ẹ kò fẹ́ ra ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá wà níwájú ẹni tó ń ta ọjà, ẹ má bi í pé ṣé ó dáa. Ẹ ní kó wá Àdó-Àwáyé sórí rẹ̀. Kó wá Òkèihò. Kó wá Ìgànná, kó sì fi ọ̀nà tó dé ibẹ̀ hàn yín. Tó bá jẹ́ pé Èkó, Ìbàdàn àti Abùjá nìkan ló mọ̀, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kò le. Google Maps ní ibì kan tí wọ́n kọ "Offline maps" sí, ẹ tẹ àwòrán yín lápá òkè kí ẹ tó rí i. Ẹ fa igun mẹ́rin yẹn bo agbègbè tí ẹ ń lọ, ẹ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú Wi-Fi nílé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, á ṣì máa darí yín bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀. Kò kàn ní lè sọ ibi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà. Ẹ sì máa tún un gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó ní ọjọ́ tí ó ń kú. Organic Maps àti OsmAnd náà wà, OpenStreetMap ni àwọn méjèèjì ń lò. Orí fóònù ni gbogbo máàpù wọn ń gbé. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ya OpenStreetMap, ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí ìlú kejì sì máa ní títì ńlá kan péré. Ẹ fi méjì sórí fóònù. Ohun tí ọ̀kan kò mọ̀, èkejì lè mọ̀ ọ́n.

Alákánópì_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, tí kì í bá jẹ dátà, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí mo bá pa dátà, ó máa ń dúró pẹ́ kó tó mọ ibi tí mo wà?

Olùyàmáàpù_Ifẹ̀

Bí dátà bá wà, fóònù á ti béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé apá ibo ni sátẹ́láìtì wà báyìí, á yára bá wọn. Bí kò bá sí, ó ní láti gbọ́ ọ láti ẹnu sátẹ́láìtì fúnra wọn, ohùn wọn sì ń falẹ̀. Ẹ ṣí máàpù ní gbangba, kí ọkọ̀ wà lójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé. Tó bá ti dì wọ́n mú, kò sí wàhálà mọ́.

Tẹ̀gbọ́n_Abẹ́òkúta

Mo rí GPS kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n rárá. Wọ́n ní símù ló ń lò, mo sì lè pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti orí fóònù mi. Kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ irú rẹ̀?

Ríwáyà_Ládípọ̀

Tírákà nìyẹn, bọ̀ọ̀dá mi. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yín lọ, òun ló máa sọ ibi tó wà. Kò lè sọ ibi tí ẹ ó yà, kò ní ojú, kò ní ohùn. Ó dáa lọ́tọ̀, ẹ kàn má rà á dípò èyí tí à ń sọ.

Awakọ̀_Súrùlérè

Iṣẹ́ kábù-kábù orí áàpù ni mò ń ṣe l'Ékòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìgbèríko, nẹ́tíwọ̀kì ni ìṣòro yín. Tiwa ni pé títì gun ara wọn lórí. Ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá orí afárá lo wà tàbí abẹ́ rẹ̀. Á ní kí o yà sọ́tùn-ún, o wo ọ̀tún, òfuurufú ló wà níbẹ̀. Kò sí iye tí o lè fi ra ẹ̀rọ tí kò ní ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ń sún mọ́ ìdí afárá, àkọlé ojú títì ni kí o gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Gẹ́ètì náà ńkọ́? Àdúgbò tó pọ̀ l'Ékòó ló ń ti gẹ́ètì títì wọn lálẹ́. Ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ lọ́sàn-án, máàpù sì ti rí wọn tí wọ́n ń kọjá, òun náà á ní kí o gba ibẹ̀ lóru. Wàá débẹ̀, wàá bá ṣéènì àti àgádágodo, ọlọ́dẹ ti sùn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gba ọ̀nà àbùjá tí ẹ̀rọ bá mú wá lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, àfi bí mo bá mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di wọ́n-wé tún wà níbẹ̀. Bí o bá kó sí i, ẹni tó dá ọ dúró kò ní bá fóònù rẹ wíjọ́, ìwọ ni yóò bá wí.

Àǹtí, fóònù yín tó ń gbóná yẹn, ibi tí ẹ gbé e sí ni. Ẹ gbé e kúrò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń fi há ẹnu ihò A/C, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ ẹ lẹ́yìn. Kó má ga jù o. Àwọn tó ń rìn láàárín ọkọ̀ nínú gosiló ń wo gíláàsì gbogbo ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì_Èkìtì

Ẹ fi kún un pé kí wọ́n tẹ ibi tí wọ́n ń lọ sí i nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró. Lílo fóònù lórí ìwakọ̀ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí FRSC ń mú ènìyàn fún. Ká tiẹ̀ yọ ti FRSC kúrò, èmi mọ ohun tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní ẹ̀ka pàjáwìrì.

Onítírélà_Leeds

Níbí, bí wọ́n bá rí fóònù lọ́wọ́ rẹ lórí ìwakọ̀, owó ìtanràn £200 ni, wọ́n á tún kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 sórí láísẹ́ńsì rẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ńsì, àmì 6 yẹn ti tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé tí ẹ ń ṣiṣẹ́ gbé oúnjẹ kiri, ẹ gbọ́ o.

Ọmọ_Kétu

Ẹni tó bá máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Cotonou, kí ó gba máàpù Benin sílẹ̀ kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Símù yín lè má ríran lọ́dọ̀ wa, dátà rẹ̀ sì lè wọ́n bó bá ríran. Ibi gbogbo tí mo bá ń lọ ní ìlú yìí, Organic Maps ló ń gbé mi dé ibẹ̀.

Alákánópì_Mọ́níyà

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro mi kejì wá ni pé ibi tí mò ń lọ kì í ní nọ́ńbà ilé. "Pápá ilé-ìwé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí ẹ tó dé ilé epo." Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ìyẹn. Mo wá ní kí wọ́n máa fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oníbàárà á jókòó sílé rẹ̀ ní Bódìjà, á fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́, ibi tó jókòó sí ni máàpù sì máa gbé wa lọ, nígbà tó jẹ́ pé Ìkirè ni òde wà!

Olùyàmáàpù_Ifẹ̀

Ẹ fi í sínú àdéhùn yín: ẹni tó wà ní pápá gan-an ni kó fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́, kó dúró síbi tí ẹ máa ri òpó kánópì mọ́. Kó tẹ "Send your current location", kó má mú nínú orúkọ ibi tó tò sísàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn jìnnà sí ibi tó wà. Kó tó tẹ̀ ẹ́, kó wo iye mítà tí fóònù kọ síbẹ̀ pé òun fi lè ṣì í. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì tóbi, kó ní sùúrù kó wálẹ̀.

Ní tiyín, ẹ ṣí i nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì wà, kí ẹ fi pamọ́ sínú máàpù pẹ̀lú orúkọ oníbàárà. Bí ẹ bá ń dúró di ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀nà Ṣakí kí ẹ tó ṣí WhatsApp, kò ní ṣí.

Awakọ̀_Súrùlérè

Àǹtí, ẹ kò nílò Android player. Ẹ̀gbọ́n ríwáyà, ẹ má bínú o. Èyí tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ tí mo wà kọjá, kó tó pẹ́ lọ títí, bí a bá tẹ̀ ẹ́ lónìí ó di ọ̀la kó tó dáhùn. Kò sí bí a ṣe fẹ́ fi RAM kún un, ó ti di ara ọkọ̀. Fóònù ń di tuntun lọ́dọọdún, rédíò kò ní di tuntun.

Ríwáyà_Ládípọ̀

Mi ò bínú, èyí tó ní RAM tí kò tó nìyẹn, mo ti kọ ọ́ sókè. Èyí tó ní CarPlay tàbí Android Auto ńkọ́? Máàpù fóònù fúnra rẹ̀ ló máa hàn lójú rédíò. Bí fóònù bá di tuntun, máàpù náà di tuntun. Bí owó bá wà, ibẹ̀ ni kí ènìyàn lọ. Bí kò bá sí, mi ò ní purọ́ fún Àǹtí, kí wọ́n ra àga wọn.

Nọ́ọ̀sì_Èkìtì

Ta ni kò ní fóònù àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀? Èmi yọ símù kúrò nínú tèmi, mo pa gbogbo áàpù rẹ́ àyàfi máàpù méjì, mo sì sọ ọ́ di ti ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó lè pè é, ìpè kankan kò lè bo máàpù. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà dí, mo ṣí hotspot lórí fóònù ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kàn yẹ bátìrì rẹ̀ wò, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń wú, ẹ má gbé e wọnú ọkọ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú oòrùn bí ẹ bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀.

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Òde

Ẹ̀yin ọmọ yìí ti dà mí láàmú. Mo ti gba Organic Maps sórí fóònù mi, ó sì mọ títì ẹ̀yìnkùlé wa. Báwo ni mo ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́ bí mo bá ń gbọ́ ìròyìn?

Olùyàmáàpù_Ifẹ̀

Bàbá, bó bá ti ń darí yín, ẹ wá àmì sípíkà lójú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ padà.

Alákánópì_Mọ́níyà

Mo ti mú ti Nọ́ọ̀sì. Fóònù ọmọ mi àtijọ́ ni mo gbà, mo fi máàpù méjì sí i. A gbé e lọ sí Ṣakí ní ọjọ́ Jímọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì lọ lẹ́yìn Ìsẹ́yìn bó ṣe máa ń lọ, kò dá a dúró rárá, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ orúkọ họ́ọ̀lù sí i lójú ọ̀nà, kò rí i. Èyí tí mo ti fi pamọ́ láti ilé ló gbé wa débẹ̀. Mo yan ohùn Nàìjíríà tí Google gbé jáde ní 2019, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ti òyìnbó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun á fi owó GPS ránṣẹ́ dípò GPS, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ó ku méjì. Ohùn fóònù yìí kéré, ariwo ọkọ̀ ń bò ó, rédíò Sienna kò sì ní Bluetooth. Èkejì, mo fi ṣájà sí i, síbẹ̀ bátìrì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ríwáyà_Ládípọ̀

Ti ohùn, ẹ ra módúlétọ̀ FM, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá. Fóònù á fi Bluetooth bá a sọ̀rọ̀, òun á sọ ọ́ sínú rédíò yín. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ti Amẹ́ríkà, òǹkà tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 nìkan ni rédíò yẹn ń dúró lé. Ẹ gbé e sí 88.1 tàbí 88.3, ibi tí kò bá ti sí iléeṣẹ́ rédíò ní agbègbè yín. Ẹ má gbé e sí 88.2, ẹ ò ní bá a. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Jàpáánì, tirẹ̀ lè má kọjá 90, kó wá àyè láàárín 87.5 sí 90.

Ti ṣájà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bó bá jẹ́ 1A, máàpù àti iná ojú fóònù ń jẹ ẹ́ tán bó ṣe ń wọlé. 2A sókè ni kí ẹ rà. Kí wáyà rẹ̀ náà má tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí ó lè jẹ́ wáyà ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà wò kí ẹ tó ra ṣájà.